Àwọn Pẹ́pẹ́yẹ Àkùrọ̀ Ìgàndó

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú ọyẹ́ tó kọjá yìí, òórùn kan gba ojú fèrèsé mi wọlé, ó bá mi níbi tí mo ti ń mu ẹ̀kọ gbígbóná. Ọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé mi ní Ìgàndó ló kó àwọn lébìrà wá pé kí wọ́n gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé fún òun. Wọn ò tíì gbẹ́ ẹ dé orókún tí ilẹ̀ fi dúdú, tí omi ń sun láti abẹ́, tí òórùn náà sì dìde: òórùn ewéko tó ti jẹrà sínú omi láti ọdún gbọ́nhan, òórùn ẹrẹ̀, òórùn ìyẹ́ tútù. Ọkùnrin náà fi áńkáṣíìfù bo imú.

"Ìdọ̀tí wo tún lèyí, jàre? Ẹ pe oníyanrìn kó já típà mẹ́ta wá!"

Mo rẹ́rìn-ín títí ẹ̀kọ fi fẹ́ há mi lọ́fun. Ìdọ̀tí kọ́, ọ̀gbẹ́ni. Ilé onílé ni, ìwọ lo wá bá wọn. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka èyí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́ fún yín, nítorí pé ọ̀pọ̀ àwọn tó yẹ kó sọ ọ́ ti kú, àwọn tó kù sì ti kọ́lé sórí ibẹ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, kò sí ohun tó ń jẹ́ ẹ̀sítéètì ní Ìgàndó. Abúlé ni wá. Ilẹ̀ ga díẹ̀ níbi tí àwọn ilé wà, ó sì rọra ń dà gẹ̀rẹ́ lọ sí àfonífojì fífẹ̀ kan tí omi máa ń bò mọ́lẹ̀ nígbà òjò. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wọlé, omi á fà sẹ́yìn bí ẹni tí ojú ń tì, á fi ilẹ̀ dúdú kan sílẹ̀ tó ń dán bí ọṣẹ abúwẹ̀. Ibẹ̀ là ń pè ní àkùrọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ìyá wa ti ń gbin tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ àti ilá nígbà tí oko òkè bá ti gbẹ kan. Ní àárín gbùngbùn rẹ̀, àbàtà kan wà tí kì í gbẹ rárá, tí òṣíbàtà tẹ́ sí lójú bí ẹní, tí koríko gíga yí ká. Ìyá tó bí ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ló ń dá oko níbi tó sún mọ́ omi jù. Wọ́n tún máa ń gbin ìrẹsì díẹ̀ sétí omi, láti ara irúgbìn tí àbúrò wọn mú wá fún wọn láti ọ̀nà Ọ̀fàdà. Kò ju nǹkan tí a ó jẹ nígbà ọdún lọ.

Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin, tí ètè wa ń sán, tí wọ́n ń fi òrí pa wá lára títí a ó fi máa dán bí ẹja yíyan, nígbà náà ni àwọn pẹ́pẹ́yẹ máa ń dé. A máa ń gbọ́ wọn kí a tó rí wọn. Wọn kì í ké bíi pẹ́pẹ́yẹ ilé tó máa ń ké hàkà-hàkà bí àgbàlagbà tí ikọ́ ń ṣe. Súfèé ni wọ́n ń sú, lẹ́ẹ̀mẹta-mẹ́ta, fíú-fíú-fíú, bí ẹni tó dúró lẹ́yìnkùlé tó ń pe ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí kò sì fẹ́ kí ìyá ọ̀rẹ́ náà gbọ́. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò yọ nínú ìkùukùu, ọrùn wọn ní nínà gbọọrọ, àyà wọn pupa rúsúrúsú, ojú wọn sì funfun báláú bí ẹni tó ki orí bọ ìkòkò ẹ̀kọ. Àwọn kéékèèké kan tún máa ń bá wọn rìn tí ìlà funfun kan gba òkè ojú wọn kọjá. Tíṣà wa ní ilé ìwé sọ fún wa pé ilẹ̀ Òyìnbó ni àwọn kéékèèké wọ̀nyẹn ti ń wá, pé òtútù ibẹ̀ ló ń lé wọn, pé ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti máa ń lo ọyẹ́ kí wọ́n tó padà.

Nígbà tí mo délé tí mo sọ fún Ìyá Àgbà, wọ́n gbé ọkọ́ wọn sílẹ̀ kí wọ́n lè ráyè rẹ́rìn-ín dáadáa. "Ẹ gbọ́ nǹkan tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ! Òyìnbó wo ni yóò fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ wá jẹ èpò ní Ìgàndó?"

Tíṣà ló jàre. Ṣùgbọ́n Ìyá Àgbà ló mọ̀ wọ́n.

Kì í ṣe pé wọ́n fẹ́ràn àwọn ẹyẹ náà bí ẹni ń fẹ́ràn ọmọ o. Wọ́n máa ń bú àwọn ẹyẹ náà láti àárọ̀. "Olójúkòkòrò, ẹlẹ́sẹ̀ pẹrẹsẹ!" ni Ìyá Àgbà máa ń pariwo tí àwọn ẹyẹ bá wọ inú ìrẹsì wọn. Síbẹ̀, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ju òkò lu ẹyẹ kankan, tí wọ́n bá sì ń kórè, wọ́n á fi ìlà ìrẹsì tó kẹ́yìn sílẹ̀ láìkan án. Mo bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Wọ́n fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí ìgbẹ́ ẹyẹ tó wà káàkiri orí ebè, wọ́n tún tọ́ka sí tẹ̀tẹ̀ wọn tó dúdú mìnìjọ̀ ju ti gbogbo àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Wọ́n ní, "Àlejò wo ló sàn ju èyí tó ń fi ìgbẹ́ dúpẹ́?"

Èmi nìkan kọ́ ló máa ń lọ wò wọ́n. Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Ṣìkírá. Káfíńtà ni bàbá rẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tó háyà yàrá kan nínú agbo ilé wa. Kíláàsì kan náà la wà, inú àwo kan náà la sì ti ń jẹun. Eyín iwájú Ṣìkírá ní àlàfo kan, ó sì máa ń gba ibẹ̀ sú súfèé àwọn pẹ́pẹ́yẹ náà tó jẹ́ pé wọ́n á gbé orí sókè nínú omi, wọ́n á máa wá ẹni tó pè wọ́n. Èmi náà gbìyànjú títí, itọ́ lásán ni mo kàn ń tu síra mi láyà.

Ẹni tó ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ni Bọ̀dá Dẹ̀hìndé, àbúrò ìyá mi. Mo mọ̀ pé àgbà ni sí mi, mo sì mọ̀ pé "wọ́n" ló yẹ kí n máa pè é, àní nínú sàréè tó wà. N kò ní í pè é bẹ́ẹ̀. Ó ti jẹ ọ̀wọ̀ tó pọ̀ ju èyí tó tọ́ sí i lọ nígbà tó wà láyé.

Ṣòkòtò funfun ni Dẹ̀hìndé máa ń wọ̀ ní abúlé tó jẹ́ kìkì ẹrẹ̀. Á fi àyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́ títí ìlà rẹ̀ yóò fi mú bí abẹ, á wá máa rìn bí àkùkọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Kò níṣẹ́ kan pàtó. Ó máa ń tẹ̀lé àwọn tó ń wọn ilẹ̀ kiri, ó máa ń bá wọn di etí okùn kan mú, ó sì ti tipa bẹ́ẹ̀ gbà pé òun náà ti di sọ̀fíyọ̀. "Ilẹ̀ tó kàn ń sùn lásán" ló máa ń pe àkùrọ̀ ìyá rẹ̀. Ilẹ̀ tó bọ́ ọ láti ìgbà tó ti lé eyín ló ń sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀fọ́ ibẹ̀ lẹ́nu.

Nínú ọdún tí mò ń sọ yìí, ó mú ọkùnrin olówó kan tó fẹ́ ra ilẹ̀ wá láti Èbúté Mẹ́ta nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Ọkùnrin náà ò sún mọ́ omi, kí bàtà rẹ̀ má baà dọ̀tí. Ó dúró lókè, ó na ọ̀pá sí àbàtà wa, ó ní, "Gbogbo ìyẹn lẹ máa fi yanrìn dí." Dẹ̀hìndé ń mi orí bí alángbá.

Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú Bàbá Olórí Ẹbí, ẹ̀gbọ́n bàbá ìyá mi, ẹni tó jẹ́ pé láìsí àṣẹ rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè ta ilẹ̀ ẹbí. Bàbá gbọ́ ọ tán, wọ́n tu ìṣẹ́kù obì ẹnu wọn dànù. "Àlejò ń bẹ nínú ilé, ẹ wá ní kí n ta ilé mọ́ àlejò lórí. Orí omi yìí ni bàbá mi ti bá àwọn ẹyẹ yẹn. Ọdún tí omi náà ò bá lè gbà wọ́n mọ́, ẹ padà wá bá mi." Bàbá rò pé àwọn ti ti ilẹ̀kùn ni. Wọn ò mọ̀ pé àwọn ti na kọ́kọ́rọ́ sí olè.

Ọjọ́ Sátidé kan ni. Oòrùn ò tíì mú, ìkùukùu ọyẹ́ ṣì bo gbogbo ojú àkùrọ̀. Èmi àti Ṣìkírá ń sọ̀kalẹ̀ lọ wo àwọn ẹyẹ nígbà tí a rí Dẹ̀hìndé nínú omi, tó ká ṣòkòtò funfun rẹ̀ dé orókún. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí a máa rí ẹrẹ̀ lára rẹ̀. Ọkùnrin kan tí a kò mọ̀ rí wà lọ́dọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú garawa kan, wọ́n ń da nǹkan sínú omi tó ń funfun bíi wàrà bó ṣe ń tàn kálẹ̀. Òórùn rẹ̀ ta wá nímú láti ọ̀nà jíjìn. Dẹ̀hìndé tún ń bu ìrẹsì tútù nínú igbá kan, ó ń fọ́n ọn sétí koríko. Lójijì ló rí wa.

"Kí lẹ wá ṣe?"

"A wá wo ẹyẹ ni, sà," ni Ṣìkírá dáhùn.

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Oògùn ẹ̀fọn ni. Ẹ̀fọn ti pọ̀ jù níbí. Ẹ má tíì sọ fún Ìyá o, èmi fúnra mi ni mo fẹ́ sọ fún wọn. Ó yá, ẹ máa lọ sílé."

A yí padà. Nígbà tí a dé ojú ọ̀nà, Ṣìkírá bi mí pé, "Ẹ̀fọn máa ń jẹ ìrẹsì ni?"

Ní ọjọ́ kejì, igbe Ìyá Àgbà ló jí abúlé. Nígbà tí a sáré dé ibẹ̀, ojú àbàtà ti kún fún òkú. Àwọn kan dojú bolẹ̀ nínú omi, ìyẹ́ wọn ń rìn bí atẹ́gùn ṣe ń fẹ́. Àwọn kan ti wọ́ dé orí ebè tẹ̀tẹ̀, wọ́n sì kú síbẹ̀ pẹ̀lú ẹnu ní ṣíṣí. Ẹja ti léfòó, ọ̀pọ̀lọ́ ti wú. Pẹ́pẹ́yẹ kan ṣoṣo ló ṣì ń yí po lójú kan, tí orí rẹ̀ ò lè dúró, tó ń sú súfèé àsúùtán kan tó dà bí ìgbà tí atẹ́gùn bá ń jò lára bọ́ọ̀lù. Ìyá Àgbà jókòó sínú ẹrẹ̀. N kò rí àgbàlagbà tó jókòó sínú ẹrẹ̀ rí.

Kí làwọn ará abúlé wa ṣe? Wọ́n gbé agbada wá! Ẹran ọ̀fẹ́ dé. Bàbá Ṣìkírá na ọwọ́ méjèèjì, ó ń bẹ̀ wọ́n: "Òkú ni, a ò mọ ohun tó pa á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ ẹ́." Wọ́n fi í ṣẹ̀sín. Wọ́n ní ẹ̀yin ìmàle àti èèwọ̀ yín, ta ló ní kí ẹ jẹ ẹ́? Bàbá kan tó jẹ́ aṣáájú nínú àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì kékeré wa gbé ọwọ́ lé ìkòkò ọbẹ̀ tirẹ̀, ó gbàdúrà gígùn sí i, ó sì jẹ mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ló lò ní ṣáláńgá, a ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ojú pópó. Kò ṣe ẹyọ àdúrà kan níbẹ̀ tó gùn bíi ti àkọ́kọ́. Kò sẹ́ni tó kú nínú wọn. Nígbà náà mo dúpẹ́. Nísinsìnyí tí mo ti dàgbà, mo máa ń rò pé ìyà yẹn ti kéré jù fún wọn.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, nígbà tí mo ti ilé ìwé dé, Dẹ̀hìndé pè mí sí ẹ̀yìn ilé. Ó mú bàtà kan jáde láti inú bébà, bàtà aláwọ̀ kọfí tó ní irin dídán lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí wọ́n fi ń dè é. N kò ní bàtà rí láyé mi. Kò sọ fún mi pé kí n dákẹ́. Ó kàn kúnlẹ̀, àgbàlagbà gidi, ó bá mi ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, ó sì dè é. Ó ní, "Ó bá ọ mu. Ọmọ tó gbọ́n ni ẹ́."

Ẹbí pàdé lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, ní ọ̀sán, lábẹ́ igi òdán. Àwa ọmọdé dúró sẹ́yìn. Bàbá Ṣìkírá wà níbẹ̀ torí pé òun ló ń kan ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì àwọn àgbà tó ti ń mì, ọmọ rẹ̀ sì ń bá a mú ìṣó. Dẹ̀hìndé dìde, ó fa ṣòkòtò rẹ̀ gún. Ó ní omi yẹn ti gbó, ó ti dàrùn. "Ẹyẹ mu ún, ẹyẹ kú. Àwọn èèyàn jẹ ẹyẹ, àìsàn dá wọn dùbúlẹ̀. Ṣé kí á dúró kó kan àwọn ọmọ wa ni?" Àwọn kan ń mi orí. Bàbá Olórí Ẹbí wò yíká, wọ́n ní, "Ṣé ẹnikẹ́ni wà tó rí ohun tó pa àwọn ẹyẹ yìí?"

Ṣìkírá gbé ìṣó sílẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ láàrin àwọn àgbà.

"Ẹ̀yin bàbá, ẹ forí jì mí. Omi ò dàrùn. Bọ̀dá Dẹ̀hìndé ni wọ́n da nǹkan sí i lọ́jọ́ Sátidé, àwọn àti ẹnì kan. Wọ́n tún fọ́n ìrẹsì. Èmi àti ọ̀rẹ́ mi yìí la rí wọn."

Gbogbo ojú yí sí mi. Ojú Ìyá Àgbà ò wá sí ojú mi. Ẹsẹ̀ mi ni wọ́n ń wò.

Mo ní, "N kò rí nǹkan kan, sà."

"Ẹ gbọ́ o!" ni Dẹ̀hìndé ké. "Ọmọ ayálégbé ló dé tó ń ba ọmọ onílẹ̀ lórúkọ jẹ́!"

Ṣìkírá ò sunkún. Ó kàn wò mí bí ẹni ń wo ọ̀nà tó rò pé òun mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ti pàdé ọ̀pọ̀ ẹni ẹ̀gàn láyé: àwọn ọ̀gá ilé ìwé tó ń jí ṣọ́ọ̀kì, àwọn àgbà tó ń ta ilẹ̀ kan fún ẹni mẹ́ta, àwọn olóyè tí wọn ò lè ka lẹ́tà tí wọ́n fi jẹ oyè. Nínú gbogbo wọn, èyí tí mo kórìíra jù ni ọmọdébìnrin kan tó wọ bàtà aláwọ̀ kọfí.

Wọ́n fún bàbá Ṣìkírá ní ọjọ́ méje kó fi kó jáde. Kò lò tó mẹ́ta. Ó di ayùn àti òòlù rẹ̀ sórí ọmọlanke, aya rẹ̀ ń tì í lẹ́yìn, Ṣìkírá sì di ẹ̀gbẹ́ kan mú. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Kò bojú wẹ̀yìn. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé apẹ̀rẹ̀ pé mo fẹ́ tẹ̀ lé Ìyá Àgbà lọ sí àkùrọ̀ bí ìṣe wa. Wọ́n gba apẹ̀rẹ̀ náà lọ́wọ́ mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Wọ́n ní, "Jókòó sílé. Ẹsẹ̀ rẹ ti mọ́ jù fún àkùrọ̀." Kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí wọ́n bá mi sọ nípa rẹ̀ títí wọ́n fi kú, wọn ò sì mú mi lọ mọ́.

Wọ́n ta ilẹ̀. Yanrìn dé, búlọ́ọ̀kù tẹ̀ lé e. Dẹ̀hìndé gba ilẹ̀ àkọ́kọ́, ó kọ́ ilé alájà sójú àbàtà gan-an, ó kun ún ní funfun bíi ṣòkòtò rẹ̀. Ní òjò kìíní, omi wá kí i. Ní òjò kejì, ó dúró fún oṣù kan. Láti ìgbà náà ni ọkùnrin yẹn ti ń fi gbogbo ọdún gbé mátírẹ́ẹ̀sì lọ sókè, gbé e wá sílẹ̀. Ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀ jẹrà kí òun tó jẹrà. Nígbà tó kú, ọjọ́ òjò ni. Orí tábìlì ni wọ́n gbé pósí rẹ̀ lé kí omi má baà gbé e lọ.

Ṣé ìyẹn kọ́ àwọn tó tẹ̀ lé e lọ́gbọ́n? Kí ẹ tó dáhùn, ẹ wá rìn ní àdúgbò mi nígbà òjò. Ẹ ó rí àwọn tó fi ògiri gíga yí omi ká, tí wọ́n rò pé omi ń bẹ̀rù géètì. Wọ́n da ọ̀rá àti páńpẹ́ẹ̀sì ọmọ sínú gọ́tà tán, wọ́n wá ń bi ìjọba pé kí ló dé. Wọ́n gbé pásítọ̀ wá kó lé ẹ̀mí omi jáde. Nígbà tí ìyẹn ò ṣiṣẹ́, wọ́n gbé àfáà wá. Omi gbọ́ ti àwọn méjèèjì, ó jókòó sórí àga ìtura wọn. Àwọn èèyàn tó kàwé, tó ní káà, tó ń kọ́ ọmọ ní èdè Faransé! Ìyá Àgbà tí kò mọ "a" yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ àga mọ ibi tí kò yẹ kí èèyàn sùn sí.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, omi wú ilẹ̀kùn ilé tèmi náà tí kò fi ṣeé tì mọ́. Wọ́n ní Àlhájà káfíńtà kan wà ní Akowonjo tí iṣẹ́ rẹ̀ dára. Mo lọ. Mo bá obìnrin arúgbó kan tó dá ìborùn sẹ́yìn, tó ń fi sáńpépà ha orí bẹ́ẹ̀dì, tó sì ń pàṣẹ fún àwọn géńdé mẹ́ta. Mo kí i, ó rẹ́rìn-ín dá mi lóhùn, mo sì rí àlàfo eyín rẹ̀.

"Ṣìkírá."

Ó gbé ojú sókè wò mí. Ó mọ̀ mí. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀.

Mo ní, "Mo rí i lọ́jọ́ náà. Mo rí gbogbo rẹ̀."

"Mo kúkú mọ̀ pé o rí i. Àbí ẹ̀gbẹ́ ta ni mo dúró sí?"

"Dárí jì mí."

Ó fẹ́ eruku igi náà dànù. "Bàbá mi rí iṣẹ́ tó dára síbí lẹ́yìn ọdún kan, wọn ò sì ṣépè fún ẹ. Èmi bú ẹ títí mo fi lọ́kọ. Nígbà tí mo bímọ, mi ò ráyè mọ́. Jókòó, jàre. Ṣé o ti jẹun?"

Bí a ṣe tún di ọ̀rẹ́ nìyẹn. Òun ló mú mi lọ sí ẹ̀yìn Ayọ̀bọ̀, nítòsí ilé rẹ̀, níbi tí èérún àkùrọ̀ kan ṣì kù, tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin àlejò láti òkè Ọya ń gbin ẹ̀fọ́. Omi díẹ̀ wà láàrin rẹ̀, pẹ̀lú òṣíbàtà. Ó ní àwọn lándílọ́ọ̀dù ti fẹ́ fi yanrìn dí i, pé ìpàdé ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé. "Mo ti sọ tèmi, wọ́n ní Àlhájà ń dàgbà. Ṣé wàá bá mi sọ?"

Mo bá a sọ. Nígbà tí mo dìde nínú ìpàdé, alága wọn, ọkùnrin tó so táì mọ́ ọrùn nínú ooru, rẹ́rìn-ín. "Màmá, ọ̀rọ̀ ẹyẹ lẹ wá bá wa sọ?"

"Rárá o. Ọ̀rọ̀ irọ́ tí mo pa ni."

Mo rò ó fún wọn bí mo ṣe rò ó fún yín yìí, n kò yọ bàtà kúrò níbẹ̀. Àwọn kan ń tẹ fóònù wọn. Alága ń wo aago. Ṣùgbọ́n obìnrin kan tó pọn ọmọ bi mí pé, "Mà, omi tó ń wọ ilé wa lọ́dọọdún, níbo ló ti ń wá gan-an?"

Mo ní, "Kò ti ibì kan wá, ọmọ mi. Ilé rẹ̀ ló ń lọ."

Obìnrin náà ò jókòó mọ́. Òun àti àwọn obìnrin yòókù bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, nítorí pé àwọn ló ń fi korobá gbọ́n omi nígbà tí àwọn ọkọ wọn bá wà níbi iṣẹ́. Ìpàdé dàrú. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí níkẹyìn ni pé kí típà dúró ná títí wọn yóò fi mọ ibi tí omi máa gbà. Apá kan ti bọ́ sábẹ́ yanrìn kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀. Apá kejì ṣì wà. N kò tan ara mi: alága yẹn kò ronú pìwà dà, ariwo obìnrin ló bẹ̀rù, ó sì ń dúró de ọjọ́ tí yóò rẹ̀ wọ́n.

Ìgàndó tí mo mọ̀ ti lọ, kò ní í padà. Àwọn tó ta á ti jẹ ẹ́ tán, àwọn tó rà á ò mọ ohun tí wọ́n rà. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì máa ra ilẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, rìsíìtì tí ẹbí bá fún yín kò tó o. Ẹ béèrè ẹni tó ń gbé ibẹ̀ kí ẹ tó dé. Bí wọ́n bá ní kò sẹ́ni kankan, ẹ sá.

Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ṣì ń fẹ́. Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ tó kọjá yìí, èmi àti Ṣìkírá gbé àga wa lọ sétí àkùrọ̀ Ayọ̀bọ̀ ní àárọ̀, arúgbó méjì tó fi gèlè di etí nítorí òtútù. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ náà wà níbẹ̀, wọ́n ń jẹ èpò, wọn ò ka ẹnikẹ́ni sí. Mo kà wọ́n, mẹ́tàdínlógún ni wọ́n. Ṣìkírá ní méjìdínlógún ni, pé ojú ló ń dùn mí. A ti jà sí i lẹ́ẹ̀mẹta, n kò sì ní í gbà fún un.